Ṣúgà Inú Agolo Gúlúkóòsì

Omi inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà kọ̀ jálẹ̀, kò pupa.

Wòsílátù tún gbé e sórí iná fìtílà, ó ń mì ín jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì ń fojú bẹ̀ ẹ́. Omi náà ti hó lẹ́ẹ̀kan, ó ti hó lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀, bó ṣe rí bí aró nígbà tí wọ́n dà á sínú ìgò ló ṣe wà, àfi bí ẹni pé kò gbọ́ pé àlejò wà nílé.

Àlejò ọ̀hún kì í sì í ṣe àlejò kékeré. Ìyáàfin Adéyanjú ni, ìnsípẹ́kítọ̀ tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rán wá láti Abẹ́òkúta. Ó ga, ó wọ gíláàsì, kì í sì í rẹ́rìn-ín àyàfi tí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín ní tòótọ́. Ó jókòó síwájú tábìlì làbù, ó ṣí ìwé ńlá kan sórí itan, ó mú pẹ́ẹ̀nì dání. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọdún 1978 là ń wí yìí, ilé ìwé náà kò sì tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Ìfọ̀. Bí Ìyáàfin Adéyanjú bá fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí á lè kọ kẹ́mísírì nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ti làbù pa, ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì á lọ wá ilé ìwé mìíràn l'Ábẹ́òkúta. Wòsílátù kò ní ẹbí kankan l'Ábẹ́òkúta tó lè gbà á sílé. Ìyá rẹ̀ tó ń ta súùtì bàbá dúdú fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ló ń dá tọ́ ọ. Àtìgbà tó ti wà ní fọ́ọ̀mù tú ló sì ti ń sọ pé òun máa di apòògùn ní ọsibítù, kì í sì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń lá àlá.

Ìdánwò tí wọ́n ní kó ṣe yìí kò le rárá. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn títí ó fi sú wọn. Fẹ́lìn ni wọ́n ń pe omi aró yẹn. Kópà ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, kópà náà sì ní ọ́síjìn lọ́wọ́. Gúlúkóòsì ní tirẹ̀, ebi ọ́síjìn ń pa á. Tí iná bá ti mú àwọn méjèèjì pọ̀, gúlúkóòsì á gba ọ́síjìn lọ́wọ́ kópà, á fi kún ara rẹ̀. Kópà tí wọ́n gba tọwọ́ rẹ̀ á yí padà, á pupa rúsúrúsú bí bíríkì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Ọmọ fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ tó bá ti lè fara balẹ̀ gbọ́dọ̀ rí pupa.

"Kí ló dé?" Ìyáàfin Adéyanjú béèrè.

Wòsílátù mọ ohun tó dé. Òun nìkan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ìbíwùnmí àti ọmọbìnrin méjì mìíràn ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo Ìfọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni. Ọjọ́ Sátidé kan ni àwọn ọmọ ilé ìwé Mowé àti ti Ìbàfo wá bá wọn sáré ní pápá Ìfọ̀. Wòsílátù àti Ìbíwùnmí wà lára àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó fẹ́ sá eré agbọ́pàá, èyí tí wọ́n ti ń fa ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Tíṣà eré ìdárayá ti ṣèlérí gúlúkóòsì fún wọn, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ sáré ní àwọn ilé ìwé wa, tí kò bá tíì lá gúlúkóòsì, ńṣe ló máa ń rò pé ẹsẹ̀ òun kò tíì pé. Aago mẹ́wàá kọjá, gúlúkóòsì kò dé. Àwọn ọmọ Mowé sì ti jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń lá tiwọn, wọ́n ń wo àwọn ọmọ Ìfọ̀ bí ẹni ń wo ọmọ aláìníyàá.

Ìbíwùnmí sọ̀rọ̀ sí i létí. "Wòsí, ṣebí ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ làbù wà?"

Ọwọ́ rẹ̀ ló wà lóòótọ́. Bàbá Ìyàndá, àgbàlagbà tó ń tọ́jú làbù, máa ń fún un ní kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kó lè fọ àwọn ìgò. Ẹlòmíràn kò tún gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá náà rí. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fún ọgbọ̀n ọdún, kò kàwé, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po Fẹ́lìn, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí ó bá ń pò ó, àfi bí ìgbà tí wọ́n fi í jẹ oyè.

"Ti làbù ni gúlúkóòsì yẹn," Wòsílátù wí.

"Ṣé a máa kó agolo lọ ni? Ká kàn tọ́ ọ wò díẹ̀. Àbí o fẹ́ káwọn Mowé wọ̀nyí gbé ife lọ lójú wa?"

Díẹ̀ náà di ṣíbí kan, ṣíbí kan di ìkúnwọ́. Àwọn mẹ́rin jókòó sẹ́yìn làbù, wọ́n ń lá a, ó ń tutù lára ahọ́n wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n máa jáde síta, wọ́n sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wòsílátù ló sá ìparí, ó fi ọmọ Ìbàfo tó ṣìkejì sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Ọ̀gá àgbà jó wọ àárín pápá. Ife fàdákà náà wà lórí tábìlì rẹ̀ títí dọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Wòsílátù, ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là sí agolo tó ti ṣófo. Ìbíwùnmí tún ló mú àbá wá. Ṣúgà onígun mẹ́rin wà nílé ìyá Wòsílátù, ṣúgà funfun, gúlúkóòsì náà funfun. Wọ́n gún ṣúgà náà nínú odó kékeré, wọ́n fi gèlè jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí pàúdà, wọ́n rọ ọ́ sínú agolo. Wọ́n tọ́ ọ wò. Ó tiẹ̀ tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"A tiẹ̀ san án lé ni," Ìbíwùnmí wí, ó sì pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó parí iṣẹ́ rere.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Ahọ́n ni wọ́n bi léèrè, wọn kò bi Fẹ́lìn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ wọ kíláàsì, tó sọ pé ṣúgà tí à ń fi sínú ẹ̀kọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú gúlúkóòsì, ó ní kò lè sọ Fẹ́lìn di pupa láé. Àyà Wòsílátù já. Ó fẹ́ lọ bá Bàbá Ìyàndá lọ́jọ́ náà, ó dé ẹnu ọ̀nà làbù, ó gbọ́ tí bàbá náà ń kọrin bó ṣe ń nu tábìlì, ó bá yí padà. Ó ní lọ́la lòun á sọ ọ́. Lọ́la di ọ̀tunla. Ó ń rò pé bóyá wọ́n á ra agolo tuntun kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó dé, bóyá wọn kò tiẹ̀ ní béèrè gúlúkóòsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyáàfin Adéyanjú dé, ó na ìka sí ìlà kan nínú ìwé, ó ní, "Ẹ jẹ́ n rí ìdánwò gúlúkóòsì. Ta lọmọ tó mọ̀ ọ́n jù?" Gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Wòsílátù.

Bó ṣe wá dúró níbi tá a bá a nìyẹn, pẹ̀lú omi aró lọ́wọ́.

Ọ̀gá àgbà kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá Ìyàndá!" ó pariwo. "Kí lẹ pò sínú omi yìí?"

Bàbá Ìyàndá bọ́ síwájú. "Bí tíṣà ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe pò ó, sà. Àárọ̀ yìí ni mo pò ó."

"Ẹ ò pò ó dáadáa! Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò lè ka ohun tó wà lára ìgò kò yẹ kó dé ibí!"

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìnsípẹ́kítọ̀ ti ń sọ tirẹ̀. "Ọ̀gá àgbà, làbù tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ omi pò, mi ò lè fọwọ́ sí i." Ó ṣí ìdérí pẹ́ẹ̀nì.

"Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi, Bàbá," Ọ̀gbẹ́ni Láwàlì wí.

Okùn ni Bàbá Ìyàndá fi so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, okùn náà kò tètè tú. Ó kàn ń wo ilẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n bá wí.

Ìbíwùnmí tó dúró nítòsí já Wòsílátù léèékánná. "Dákẹ́ o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Tó o bá lanu, wọ́n á lé wa lọ sílé."

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n lè lé wọn. Bí ó bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Wọ́n á ti làbù, wọ́n á lé bàbá, òun á ṣì wà nílé ìwé. Wòsílátù wo okùn tó kọ̀ tí kò tú yẹn, inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Omi yẹn dára. Ohun tó wà nínú agolo ni kò dára. Èmi ni mo lá gúlúkóòsì tó wà níbẹ̀, mo wá fi ṣúgà rọ́pò ẹ̀."

Ọ̀gá àgbà wo agolo náà, ó wo Wòsílátù. Bàbá Ìyàndá dáwọ́ okùn tó ń tú dúró, ó gbé ojú sókè wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ kò sì dùn ún wò.

"Dìde," Ìyáàfin Adéyanjú wí. Ó yọ gíláàsì. "Ẹnu lásán nìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe torí pé o fẹ́ gba bàbá yìí sílẹ̀ lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Wòsílátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò mọ ibi tí ìgboyà ti dé, ṣùgbọ́n ó dé. "Mo lè fi hàn yín, mà. Tí ẹ bá lè fún mi ní ogún ìṣẹ́jú."

"Ó yá. Mò ń wò ọ́."

Ó bu ṣúgà láti inú agolo náà, ó yọ́ ọ sínú omi, ó kán ásíìdì díẹ̀ sí i, ó sì gbé e sínú omi gbígbóná tó ń hó.

"Kí nìyẹn fún?" ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Ṣúgà jẹ́ ìbejì, mà. Gúlúkóòsì kan àti ìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fúrúkítóòsì ló di ara wọn mú. Ọwọ́ tó yẹ kí wọ́n fi gba ọ́síjìn ni wọ́n fi di ara wọn mú, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ kópà. Tí ásíìdì àti iná bá pín wọn níyà, ọwọ́ wọn á ṣófo."

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ gbàgbé pé ọkàn òun kò balẹ̀. Ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó fẹ́ràn.

"Inú ìwé lo ti kà á?"

"Tíṣà ló kọ́ wa, mà. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò ìyá mi ló ti yé mi. Bàbá dúdú ni wọ́n ń ṣe. Tí wọ́n bá ń se ṣúgà, wọ́n máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ súùtì á di yanrìn lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí tíṣà wá sọ̀rọ̀ ásíìdì ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni ọsàn yẹn ń ṣe."

"Kí ló dé tí o kò wá lo ọsàn wẹ́wẹ́?"

"Ọsàn náà ní ṣúgà tirẹ̀ nínú, mà. Ẹ lè sọ pé tirẹ̀ lẹ rí."

Ìyáàfin Adéyanjú fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú láti wò ó dáadáa.

Nígbà tí àkókò tó, Wòsílátù kán sódà sí i díẹ̀díẹ̀ títí agbára ásíìdì náà fi lọ. Ó wá to ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Inú àkọ́kọ́, omi ásíìdì àti sódà lásán ló bù síbẹ̀, kò sí ṣúgà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ásíìdì ló ṣe é. Inú èkejì ló bu ṣúgà tó ti sè sí. Ó da Fẹ́lìn tí Bàbá Ìyàndá pò sínú méjèèjì, ó gbé wọn wọ inú omi gbígbóná, ó sì dúró.

Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn gun àga. Fún ìgbà díẹ̀, méjèèjì rí bí aró. Lẹ́yìn náà ni ìgò kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ewé. Ó pọ́n bí ọsàn tó ń pọ́n. Lójijì, ó pupa. Ó pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, pupa rúsúrúsú, ó ń rọ̀ sí ìdí ìgò bí ilẹ̀ pupa ọ̀nà ìdí rélùwéè tí òjò wọ́. Ìgò àkọ́kọ́ ṣì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aró.

"Àlùhámúdùlíláì!" Bàbá Ìyàndá ké. "Omi mi dára!"

Làbù dàrú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò sókè, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ gbé ìgò náà sókè síbi wíńdò bí ẹni tó gba ife. Wòsílátù ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn ju ti ọjọ́ tó fi ọmọ Ìbàfo sẹ́yìn lọ. Ọjọ́ yẹn, ó ń fi nǹkan kan pa mọ́. Lónìí, kò sí ohun tó pa mọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ariwo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ nígbà tí Ìbíwùnmí jáde láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó kúnlẹ̀. "Èmi náà lá a, mà. Èmi ni mo tiẹ̀ dábàá ẹ̀." Ọmọ kẹta kúnlẹ̀. Ọmọ kẹrin kúnlẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ka orí wọn, ó rí i pé àwọn mẹ́rin tó gba ife fún un ni. Ó rántí bó ṣe jó lọ́jọ́ náà, ó wúkọ́, ó sì wojú àjà.

Nígbà náà ni Ìyáàfin Adéyanjú rẹ́rìn-ín, tó rín in títí gíláàsì rẹ̀ fi yọ̀ sórí imú. Lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé, ó sì ka ohun tó kọ sókè: "Làbù yìí mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í kọ ohun tí wọn kò rí. Mo fọwọ́ sí i." Ó yíjú sí ọ̀gá àgbà. "Ẹ má ṣe lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o." Kó tó wọ mọ́tò, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta bàbá dúdú.

Wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Oṣù méjì gbáko ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń ro oko ẹ̀yìn làbù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì mú agolo gúlúkóòsì tuntun wá. Kọ́kọ́rọ́ kò tún dé ọwọ́ Wòsílátù títí sáà náà fi parí. Èyí tó dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ìyàndá sọ fún un lábẹ́ igi máńgòrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ká ní o wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì eré yẹn ni," bàbá náà wí, "ǹ bá bá ẹ wí, ǹ bá tiẹ̀ fà ẹ́ létí, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ń kí mi ní àràárọ̀ tí o ò sọ ọ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mo ti bínú tán. Ìgbà tó o sì máa sọ ọ́, ojú gbogbo ayé lo ti sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tún lè pè ẹ́ lọ́mọ mi."

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ní Sátidé àkọ́kọ́, bàbá náà tú okùn ìdí rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ìka rẹ̀ kò gbọ̀n, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Àwọn mọ́kànlélógún náà ló jókòó ìdánwò lọ́dún 1979, gbogbo wọn ló yege nínú kẹ́mísírì, Wòsílátù ló sì ṣe ipò kìíní. Kí ó tó kúrò nílé ìwé, ó mú agolo àtijọ́ yẹn pẹ̀lú ìyókù ṣúgà inú rẹ̀, ó lẹ ìwé funfun mọ́ ọn lára, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: ṢÚGÀ NI ÈYÍ, KÌ Í ṢE GÚLÚKÓÒSÌ. ÈMI WÒSÍLÁTÙ NI MO FI SÍBẸ̀. Bàbá Ìyàndá gbé e sórí pẹpẹ òkè pátápátá, níbi tí gbogbo ọmọ tuntun ti máa rí i. Tí wọ́n bá béèrè, á sọ ìtàn náà fún wọn.

Ohun tó sì máa ń fi parí rẹ̀ ni èmi náà fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á. Ẹ lè ṣe àṣìṣe kó dùn lẹ́nu, kó funfun, kó kún agolo bí ojúlówó. Ọjọ́ tí iná bá dé ìdí rẹ̀, á sọ ara rẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé tún ṣe, ẹ̀rù á bà á lóòótọ́, á sì jìyà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí àgbàlagbà kankan tí wọ́n máa fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ, orí tirẹ̀ náà á sì wà lókè.